Omi Àwọn Ehoro Bàbá Mi

Ehoro kì í ké. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ adìẹ, á la ẹnu, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ewúrẹ́ á ké títí aládùúgbò á fi bú ẹni tó ni ín. Ehoro á kàn ká ara rẹ̀ jọ sí igun kéèjì, á máa wo èèyàn. Ohun tí kò jẹ́ ká tètè mọ̀ nìyẹn pé òùngbẹ ń pa àwọn tiwa ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Yábàá. Píọ̀ wọ́tà là ń fún wọn, omi tí àwa fúnra wa ń mu, a sì rò pé a ti kẹ́ wọn jù.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ bàbá mi ló kó àwọn ehoro náà wá. Ọkùnrin náà ń kó ìyàwó àtọmọ lọ sí Kánádà. Ó ti ta mọ́tò, ó ti ta bẹ́ẹ̀dì, ó ti ta jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó fẹ́ ra ehoro. Ló bá gbé wọn wá fún wa, akọ kan àti àwọn abo bíi mélòó kan, tàwọn ti kéèjì pákó tí wọ́n fi wáyà bò níwájú. Ìyá mi kò fẹ́. Wọ́n ní ilé tí aláìsàn wà kì í ṣe ibi tí èèyàn á ti máa sin ẹran. Èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kó wà, nítorí mo rò pé ohun tí yóò mú bàbá mi dìde lórí àga ti dé.

Kíndìnrín bàbá mi ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ìjọba, wọn kì í pa ibi iṣẹ́ jẹ, àfi ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì tán tí ara wọn wá ní òun náà ti fẹ̀yìn tì. Lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ là ń gbé wọn lọ sí ọsibítù kí ẹ̀rọ bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀. Ìtọ̀ kò wá mọ́. Ohunkóhun tí wọ́n bá mu, inú ara wọn ló ń jókòó sí títí ẹ̀rọ á fi tún fà á jáde. Dókítà pe èmi àti ìyá mi jókòó, níṣojú bàbá mi, ó ní bí omi bá ti pọ̀ jù, ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wú, lẹ́yìn náà omi á gun ẹ̀dọ̀fóró, èèyàn á sì rì sómi lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó fún wa ní kọ́ọ̀bù ike kékeré kan tí wọ́n fa ìlà sí lára. Ó fi ìka sí ìlà kan, ó ní ibẹ̀ ni kí á máa bu omi dé láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kò sí àfikún. Tíì wà nínú rẹ̀, ẹ̀kọ mímu wà nínú rẹ̀, omi ọbẹ̀ náà wà nínú rẹ̀.

Èmi ni mo gba kọ́ọ̀bù náà. Ìyá mi kò lè ṣe é. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, bí bàbá mi bá ti pe omi, ẹsẹ̀ ìyá mi ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó rò ó. Èmi rèé, olùkọ́ ni mí ní ilé ìwé aládàáni kan ní Sùúrùlérè, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì mọ̀ pé mi ò kì í fi ẹ̀rín tọrẹ. Mo gbé àpò píọ̀ wọ́tà wọ yàrá mi. Mo ti fìríìjì pa. Mo ní kí wọ́n má fi ọsàn àti bàrà sílẹ̀ níbi tí ojú bàbá mi lè dé. Mo ti pinnu pé bàbá mi kò ní kú, ó kéré tán kì í ṣe ikú omi, àti pé bí ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn yóò bá le, èmi ni yóò le.

Mo máa ń kúnlẹ̀ gbé omi náà fún wọn. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, mi ò sì dá a dúró. Bàbá mi á gba kọ́ọ̀bù, wọ́n á wo inú rẹ̀, wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, "O ṣé." Wọ́n á fi omi náà fọ ẹnu díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e mì. Bí wọ́n bá mu ún tán, wọ́n á tún dojú kọ́ọ̀bù náà délẹ̀ sí ètè, wọ́n á dúró de ẹ̀kán tó kù. Mo máa ń wo ibòmíràn nígbà náà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kí wọn. Mo gbé omi fún wọn bí a ti ń gbé e fún àlejò, ìyẹn gíláàsì tó kún dẹ́nu. Wọ́n mu ún tán níwájú bàbá mi, bàbá mi sì tẹjú mọ́ ọ̀fun wọn títí omi náà fi lọ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn rí kọ́ọ̀bù onílà tí mo fi gbé ti bàbá mi wá, wọ́n bèèrè pé ṣé oògùn ni. Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní gbogbo ayé ló ń sọ pé omi kò lọ́tàá, àfi ilé àbúrò àwọn ni ó ti rí ọ̀tá, ọmọ tí àbúrò àwọn sì bí ni. Bàbá mi kò gbè mí. Mo kó gíláàsì kúrò nílẹ̀.

Àwọn ehoro wá yí nǹkan padà, tàbí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ń jí ní kùtù, wọ́n á dé fìlà, wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Abọ́ la kọ́kọ́ ń fi fún àwọn ehoro lómi, ṣùgbọ́n ehoro kì í bọ̀wọ̀ fún abọ́. Wọ́n á dà á nù, wọ́n á yàgbẹ́ sí i, wọ́n á wá jókòó lé e. Bàbá mi bá padà sí ìgò tí ọkùnrin Kánádà yẹn kó wá, àwọn ìgò ike tí wọ́n so kọ́ síta kéèjì ní ìdorí-kodò, tí wọ́n sì ní imú irin kékeré kan tó wọnú wáyà. Bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ kan wà lẹ́nu imú irin náà. Bí ehoro bá fi ahọ́n tì í, omi á kán, bọ́ọ̀lù á dún tọ́, tọ́, tọ́. Bàbá mi lè fi àárọ̀ kan jókòó máa gbọ́ ọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ fún mi pé omi bóhòlù wa kò dára fún ìgò náà. Pọ́nyìn-pọ́nyìn ni omi wa ń wá lóòótọ́, ó ń pọ́n bíi tíì. Wọ́n ní ìpẹtà inú rẹ̀ ń dí imú irin, pé píọ̀ wọ́tà ló tọ́. Wọ́n fi ọ̀kan hàn mí tó ti dí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, òtítọ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kó píọ̀ wọ́tà ti àwọn ehoro jáde láàárọ̀ kí n tó lọ síṣẹ́, tí mo ń tò ó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèjì. Inú mi dùn. Mo sọ fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé bàbá mi ti rí ohun tí wọ́n ń kẹ́, pé àárẹ̀ kò tilẹ̀ hàn lójú wọn mọ́.

Ìwọ̀n ọsibítù ló kọ́kọ́ dá wa lóhùn. Wọ́n máa ń gbé bàbá mi sórí ìwọ̀n kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀, láti mọ bí omi ara wọn ti pọ̀ tó. Ó ń ga sí i. Nọ́ọ̀sì wo ìwọ̀n, ó wo ẹsẹ̀ bàbá mi tó ti wú, ó wá wò mí bí ìgbà tí òbí ọmọ tó fìdí rẹmi wá bá mi nílé ìwé. Mo bá a jà. Mo ní èmi fúnra mi ló ń bu omi, mi ò sì kọjá ìlà rí. Nígbà tí a délé, ìyá mi ni mo kọjú sí. Mo ní omi ọbẹ̀ ti pọ̀ jù, mo ní àánú wọn ni yóò pa bàbá mi. Ìyá mi jókòó sórí ìjókòó kíṣíìnì, wọ́n ń fi etí ìró nu ojú. Ọbẹ̀ ilé wa ki láti ọjọ́ náà débi pé ó ń há èèyàn lọ́fun.

Ìgbà yẹn náà ni àwọn ehoro bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Irun wọn ń dúró wáúwáú, wọ́n ń fi fíìdì sílẹ̀ láìjẹ. Mo ń já ewé ànàmọ́ bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rélùwéè, wọ́n á jẹ ìyẹn, wọ́n á tún padà sí igun. A kò fura sí omi, nítorí pé bí ìyá mi bá yọjú lójú fèrèsé kíṣíìnì láàárọ̀, wọ́n á rí bàbá mi tó ń fa píọ̀ wọ́tà ya tó ń rọ ọ́ sínú ìgò, ìgò á sì kún. Tí alẹ́ bá fi máa lẹ́, ó ti tán. A ní àwọn ehoro wọ̀nyí mà ń mumi o.

Abo kan wá bímọ. Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì: ẹ̀jẹ̀ lórí koríko, ẹsẹ̀ kékeré kan, ìyá ehoro tó ń lá ẹnu. Ó ti jẹ àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyá mi pe orúkọ Jésù, wọ́n wọlé, wọ́n ní kí n lọ fọ ibẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, wọn kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Wọ́n jókòó sórí àga wọn, omijé ń bọ́. Mi ò rí omijé wọn rí títí di ọjọ́ yẹn, kódà nígbà tí wọ́n sin ìyá wọn. Mo fi ọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn, mo ní ẹran ni, yóò tún bí òmíràn.

Lẹ́yìn èyí ni èémí ṣòro fún wọn ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Wọn kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀, ohun kan ń dún nínú àyà wọn bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ọṣẹ. A sáré gbé wọn lọ. Ẹ̀rọ fa omi púpọ̀ jáde lára wọn. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí kò fi ojú yẹn wò mí lọ́tẹ̀ yìí, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó ní, "Àǹtí, Dádì ń mu omi níbì kan o." Mo wo ojú bàbá mi. Wọ́n ti dijú.

Ọjọ́ tí mo mọ̀, orí ló ń fọ́ mi, ọ̀gá mi ní kí n máa lọ sílé. Ìyá mi ti lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé, mo sì gbọ́ ọ kí n tó rí i: tọ́, tọ́, tọ́. Bàbá mi kúnlẹ̀ sórí àpò fíìdì níwájú kéèjì. Wọ́n ti já ìgò abo ehoro náà, wọ́n gbé orí sẹ́yìn, imú irin wà lẹ́nu wọn, wọ́n ń fi ahọ́n ti bọ́ọ̀lù. Wọ́n lè dà á mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n sì bọ́ níbẹ̀. Bóyá wọ́n ń tan ara wọn jẹ pé díẹ̀ ni, pé ẹ̀kán-ẹ̀kán ni. Fìlà wọn ti já sílẹ̀. Ehoro náà nà dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ di wáyà mú, ó ń lá ojú ibi tí ìgò rẹ̀ máa ń wà.

Gbogbo rẹ̀ yé mi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi tí mo ń ti fìríìjì pa, èmi náà ló ń kó omi mímu jáde lárààárọ̀ fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, tí mo ní kó bá mi pín in fún ẹran.

Bàbá mi rí mi. Wọn kò sáré, wọn kò gbé ìgò pamọ́. Wọ́n nu ẹnu.

Wọ́n ní, "Ehoro kò bí ẹ, ò ń rọ omi kún ìgò fún un. Èmi tí mo bí ẹ, ò ń wọn tèmi."

Mo fẹ́ sọ pé ẹ̀rù ikú wọn ló ń bà mí. Mo fẹ́ sọ pé mi ò sùn dáadáa láti ọjọ́ Àìkú yẹn. Ṣùgbọ́n ìbínú mi ló máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ mi dé ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá mi. Mo nàka sí ehoro náà.

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó jẹ ọmọ ẹ̀."

Òótọ́ ni. Ehoro tí òùngbẹ bá ń gbẹ nígbà tó bímọ, ó lè jẹ ọmọ rẹ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sìn ín. Bàbá mi náà sì ti mọ̀ ṣáájú mi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sunkún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ehoro ni wọ́n gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ara wọn ni, bàbá tó ń jẹ ọmọ rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ti ilẹ̀ dìde, wọ́n gbé ìgò padà sí àyè rẹ̀, wọ́n so ó dáadáa, wọ́n wọlé. Wọ́n gbàgbé fìlà sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo kúnlẹ̀ gbé omi wá. Bàbá mi kọjú sí fèrèsé. Wọ́n ní, "Gbé e fún ìyá ẹ." Mo gbé e fún ìyá mi, ìyá mi gbé e fún wọn, wọ́n mu ún. Bó ṣe rí ní ọjọ́ kejì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Èmi ń bu ú, mo ń wò ó kó má kọjá ìlà, ìyá mi ń gbé e.

Èmi ni mo ń fún àwọn ehoro lómi báyìí. Mo padà sí omi bóhòlù, kí ó má baà wu ẹnikẹ́ni mu, mo sì ń fi abẹ́rẹ́ gún imú irin kọ̀ọ̀kan kí n tó lọ síṣẹ́. Bàbá mi ń gbé àga jáde síbẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ń jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń wo àwọn ehoro bí wọ́n ti ń mumi. Wọn kò fọwọ́ kan ìgò mọ́. Nígbà kan tí mo wà nínú yàrá, mo gbọ́ tí wọ́n ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ pé, "Sọ fún ọmọ ẹ pé ìgò akọ yẹn ti dí." Mo jáde lọ wò ó. Ó ti dí lóòótọ́, ehoro náà ti ń lá irin gbígbẹ. Mo ṣí i, mo sì wẹ̀yìn láti dúpẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń wo ibòmíràn.

Àwọn ehoro sanra. Abo yẹn tún bí, kò jẹ ọ̀kankan nínú wọn, ẹ̀yìnkùlé sì kún fún ọmọ ehoro. Ìwọ̀n bàbá mi náà sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn kò wú mọ́, àyà wọn mọ́. Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ì bá wu òun kí gbogbo aláìsàn ní ọmọ bíi tèmi. Mo rẹ́rìn-ín fún un. Bàbá mi kò pe omi mọ́ rárá, kódà wọn kì í bèèrè ìwọ̀nba tó tọ́ sí wọn, àfi bí ìyá mi bá gbé e dé. Mo ti borí, mo sì ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìwé lọ sunkún.

Mo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí wọ́n wá bá mi bẹ bàbá mi. Ìyẹn tó láti fi mọ bí ó ti dùn mí tó, pé ẹni tó pè mí ní ọ̀tá omi ni mo wá ń bẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin níwájú bàbá mi, mo ní kí wọ́n má bínú. Ẹ̀gbọ́n wọn ní bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo mọ́. Bàbá mi ní àwọn kò bínú. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí tipẹ́, wọ́n fọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà gígùn fún mi, wọ́n ní ọmọ tèmi náà yóò tọ́jú mi. A ṣe àmín. Mo sáré lọ bu omi wá, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìrètí. Wọ́n rọra ní, "Gbé e fún ìyá ẹ."

Bàbá mi lo òjò ọdún yẹn tán, wọ́n sì rí ọyẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé kọ́ọ̀bù náà fún mi lónìí, ibi ìlà yẹn náà ni n óò bu ú dé, mi ò ní purọ́. Kì í ṣe omi ló pa wọ́n. Ojú ibi tí wọ́n máa ń ki rọ́bà ẹ̀rọ bọ̀ ní ọrùn wọn ló kẹ̀, èyí tó kẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀, oògùn kò sì ran án. Ìyá mi ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Dókítà pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní kí a máa gbé wọn lọ sílé tàbí kí a jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀, èyí tó bá wù wá. Mo bi í léèrè nípa omi. Ó ní kí n fún wọn ní ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà ọsibítù, mo ra omi onígò tó tutù, tó ń làágùn níta. Mo rọ ọ́ kún kọ́ọ̀bù ńlá dẹ́nu. Ètè bàbá mi ti sán, ahọ́n wọn ti funfun, ojú wọn sì tẹ̀ lé omi náà láti ẹnu ìlẹ̀kùn títí mo fi dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Mo ní, "Bàbá, ẹ mumi. Kò sí ìlà mọ́."

Wọ́n wo omi náà. Wọ́n wò mí, ojú wọn kò le. Wọ́n pa ẹnu dé.

Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí orúnkún fi ń ro mí, tí omi ń dà sí mi láṣọ. Ìyá mi dìde níbi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n gba kọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ mi. Bàbá mi la ẹnu.